Ìwé Ìdánimọ̀ fún Ọmọńlé Inú Igbó

Ambodihasina,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹsàn-án.

Soaravo, ọmọ mi,

Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ìwé yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣé dáadáa lo jí. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni, kú alẹ́, kí o sì kọ́kọ́ jẹun kí o tó kà á, nítorí ó gùn, ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ikùn òfìfo gbọ́. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Tana kò pọ̀ jù? Wọ́n ní orí òkè ni wọ́n kọ́ gbogbo ìlú yẹn sí, pé ẹ̀wù òtútù ni wọ́n ń wọ̀ jẹun níbẹ̀. Kí Ọlọ́run tí à ń sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn baba wa tó sùn sábẹ́ òkúta lókè odò para pọ̀ máa ṣọ́ ọ. O ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ohun tí o wá lọ sínú ìwé, wàá rí i, wàá sì rí i nígbà tí ojú rẹ ṣì lè kà á.

Òní ni ọjọ́ tó jẹ́ èèwọ̀ láti fi ọkọ́ kan oko ìrẹsì, ìyẹn ni mo ṣe ráyè jókòó kọ̀wé. Tiwa níbí, ọpẹ́ ni. Adìẹ funfun tí o fi sílẹ̀ pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá gbé méjì, méje tó kù ń dàgbà. Kànáfùrù ti ń yọ orí. Òrùlé ilé ìdáná ń jò níbi tó ti máa ń jò tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Eyín mi kan tó kù lókè lápá òsì ti yọ, mo sin ín sẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má fẹ́ ará Tana o, pé wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ jù kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún èèyàn.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ tó ń wá ra fanílà ti dé. Mo rí fóònù, mo rí iná tí wọ́n ń so mọ́rí, mo rí fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́rin, mo rí páálí bisikíìtì kan. Mo ti jẹ bisikíìtì náà tán kí n tó ka lẹ́tà rẹ, torí náà bó bá jẹ́ pé ti ẹranko náà ni, kí o má bínú, kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

O ní kí n wọ igbó wa ní Ankarahara lóru, kí n wá tahafisaka, ọmọńlé pẹlẹbẹ tó ń gbé ara igi, kí n mọ irú èyí tó jẹ́ gan-an àti ibi tó ń gbé, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. O ní bó bá jẹ́ èyí tí o rò ni, igbó àtijọ́ tó tutù nìkan ló lè gbé, bí wọ́n bá gé igbó náà, kò ní ibòmíràn tó máa lọ. Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn. O mọ ohun tí ẹranko yìí jẹ́ nínú ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí ọ̀kan fò mọ́ ìyá rẹ láyà níbi tó ti ń ṣa igi ìdáná, tí ọ̀sẹ̀ yẹn ò sì parí tí a fi sin ín. Láti ọjọ́ náà, ọdún kẹtàlá rèé, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mi. Nígbà tí o wá kọ̀wé láti yunifásítì pé ọmọńlé inú igbó ni ìwọ máa kọ́ nípa rẹ̀, mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sínú àpò, mo lọ jókòó sétí odò títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí fẹ́ lọ bi ẹranko yẹn léèrè ohun tí ìyá òun fi ṣe é.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí, kí o lè lóye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Feno, fẹ́ gé Ankarahara, kó sun ún, kó gbin ìrẹsì sí i kí òjò tó dé. Má pè é ní èèyàn burúkú. Ọmọ méje ló wà nílé rẹ̀, ìrẹsì wọn sì tán ní ọdún tó kọjá nígbà tí ìkórè ṣì ku oṣù méjì, ìdí ìkòkò ni wọ́n ń ha. Ó ní kí la tiẹ̀ ń fi igbó yẹn ṣe, ilé ẹranko tó pa ìyàwó wa, ṣé à ń tọ́jú rẹ̀ kó tún wá pa òmíràn ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ní òótọ́ ló sọ. Tangalamena wa, àgbà ìdílé tó ń di ọ̀pá pupa mú, ní òun ò ní dá ọ̀rọ̀ náà láìgbọ́ tẹnu mi, nítorí èmi ni ẹranko náà sọ di opó. Ó ní bí mo bá ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n gé e. Bí mo bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí n wá sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ náà kò mọ̀ pé bí lẹ́tà tìrẹ ṣe dé nìyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Mo wá jókòó ti fọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ni ÌDÁNIMỌ̀. Mo ní, àáà, ó ti yé mi. O rántí ọdún tí èmi náà lọ gba ìwé ìdánimọ̀ ní ọ́fíìsì àgbègbè, tí mo jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bi mí ní orúkọ, ibi tí mo ń gbé, bí mo ṣe ga tó, tí wọ́n sì mú àtàǹpàkò mi tẹ inú yíǹkì. Mi ò kàn mọ̀ pé ìjọba ti ń fún ọmọńlé náà ni. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá àgbà rẹ o, torí òun tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò tíì fún un ní tirẹ̀ dòní, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti lọ.

Mo fi sùúrù kọ ọ́. Níbi ibùgbé, mo kọ́kọ́ ronú díẹ̀, torí ọmọńlé tí kò nílé, mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Mo wá kọ pé Ambodihasina, igbó Ankarahara, bí a bá dá odò kékeré kọjá, ìdojúkọ òkúta tí Bàbá Feno ti yọ̀ ṣubú. Wọ́n ní kí ló ń ṣe lọ́sàn-án, mo kọ pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kí ló ń ṣe lóru, mo kọ pé ọdẹ ni. Wọ́n bi mí ní gígùn rẹ̀ láìka ìrù, ìyẹn ò yé mi, ta ní í wọn èèyàn láìka ẹsẹ̀? Wọ́n ní ṣé akọ ni àbí abo, mo kọ pé mi ò wo ibẹ̀, a ò tíì mọ ara wa tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní inú ẹnu rẹ̀, ṣé dúdú ni àbí pupa, ìwọ sì fa ìlà sábẹ́ ìyẹn pé ibẹ̀ ni a ó ti dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀, pé bó bá jẹ́ dúdú, èyí tí o rò ni. Ní ìparí, wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ kan, wọ́n ní abẹ́ ìka rẹ̀ ńkọ́. Mo ní ìyẹn ló le jù, wọ́n fẹ́ kó tẹ̀ka.

Alẹ́ àkọ́kọ́ kò so èso. Mo so iná mọ́rí, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, ni Ìyá Noro tó ń gbé ìsàlẹ̀ bá rí iná tó ń rìn lókè, ó kígbe pé òkú ti jí o, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀ síta. Nínú igbó, eṣúṣú bò mí lẹ́sẹ̀. Mo gbé fóònù jáde, mo ń fi han gbogbo igi bí o ṣe ní kí n ṣe, kó máa sọ orúkọ ohun tó bá rí. Ewé gbígbẹ ló kọ. Mo sún síwájú, ewé gbígbẹ. Mo ní kí n yí i padà bóyá ẹ̀yìn ló fi ń wò, ewé gbígbẹ náà ni. Ilẹ̀ mọ́, mo fi han Bàbá Feno níbi tó ti ń lọ ọkọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ dára, fóònù náà kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó ní kí n kà á fún òun. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ọ́n pa mọ́, mo kà á. Títí dòní, bó bá fẹ́ wọ ilé mi, á kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé mo ti bo nǹkan yẹn lójú.

Alẹ́ kejì, mo rìn títí ó fi rẹ̀ mí, mo fẹ̀yìn ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí odò kékeré náà, èyí tí ewé wínníwínní tó ń hù nínú ọ̀rinrin bò látòkè délẹ̀. Mo sinmi, mo tiẹ̀ sùn lọ díẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, èèpo igi náà ń wò mí. Mo ní kí n sá, mo rántí fọ́ọ̀mù, mo dúró. Ẹ̀gbẹ́ etí mi báyìí ló wà, ó dojú kọlẹ̀, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́gi, awọ rẹ̀ ní wínníwínní létí gbogbo débi pé o ò mọ ibi tó parí sí àti ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ tóbi, kò ní ìpéǹpéjú, nígbà tí ìrì kán sí i, ó yọ ahọ́n, ó fi lá ojú ara rẹ̀ mọ́. Mo gbé fóònù sí i. Ó kọ èèpo igi. Mo ní fóònù, èèpo igi kì í lá ojú. Kò dá mi lóhùn.

Ó wá ku inú ẹnu. Mi ò lè fọwọ́ kàn án, ìwọ náà mọ̀, ìjà ló sì máa ń jẹ́ kó yanu. Mo bá bú u. Mo dúró lábẹ́ igi náà, mo bú u tìyátìyá, tìbàbátìbàbá. Mo ní ìwọ olójú ẹja yìí, ìwọ aláìníṣẹ́ tó ń fi orí sísàlẹ̀ sùn, kí ni ìyàwó mi gbà lọ́wọ́ rẹ? Mo ní ṣé igi inú igbó yìí ò tó ọ gùn ni? Mo ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀ fún mi, mi ò mọ irun dì, irun ọmọ yẹn ń wú fún odidi ọdún kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti kó jọ sínú láti ọdún mẹ́tàlá, ohùn mi ń lọ sókè, omi ń bọ́ lójú mi, ni ó bá la ẹnu gbàà. Dúdú ni, ọmọ mi. Dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo nu ojú, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Alẹ́ kẹta ni ti ìtẹ̀ka. Mo ha dúdú ìdí ìkòkò sínú ọmọrí, mo pò ó, mo mú bébà lọ́wọ́. Igi kan náà ló wà, kò kúrò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, kọ ìyẹn sílẹ̀, ó fẹ́ràn ibi tó ń gbé. Èrò mi ni pé kó gba inú ọmọrí rìn bọ́ sórí bébà, kó tẹ̀ka, ká pín gààrí ká. Mo fi igi gígùn sọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ inú dúdú náà dáadáa, mo ní o ṣeun, ìgbà tó yẹ kó bọ́ sórí bébà ló fò. Ó fò mọ́ mi láyà.

Wọ́n ní bó bá lẹ̀ mọ́ èèyàn, abẹ ni wọ́n fi ń gé e kúrò, pé ẹni tó bá fò mọ́ kì í lò ju ọjọ́ méje lọ láyé. Abẹ mi wà nílé. Mo dúró gbagidi. Ó tutù, kò wúwo ju ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan lọ, mo sì ń gbọ́ ọkàn kan tó ń lù kìkìkì, mi ò mọ̀ bóyá tèmi ni àbí tirẹ̀. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ èmi náà lo fẹ́ mú lọ, ó dáa, ṣùgbọ́n ní sùúrù, fọ́ọ̀mù ọmọ mi kò tíì kún. Ó wò mí. Ó lá ojú. Ó wá rọra gun èjìká mi, láti èjìká ó bọ́ sára igi, ó sì lọ. Abẹ kankan kò kàn án. Ẹ̀wù tí mo wọ̀ ni wàá rí nínú àpò yìí, gbogbo ìka rẹ̀ ló tẹ̀ sí i láti àyà dé èjìká, jọ̀wọ́ má fọ̀ ọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Mo gbé aṣọ tí wọ́n máa fi dì mí síta, mo sá a sóòrùn. Mo fi ẹni tó máa jogún ọkọ́ han ìyá àgbà rẹ. Lọ́jọ́ kẹrin mo pa àkùkọ ńlá yẹn jẹ, torí mi ò rí ìdí tí mo fi máa fi í sílẹ̀ fún Bàbá Feno. Lọ́jọ́ karùn-ún ara mi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá àkùkọ náà ni. Ọjọ́ keje bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo káwọ́ sáyà, mo ń dúró. Àkùkọ aládùúgbò kọ, ilẹ̀ mọ́, mo ṣì wà níbẹ̀, ebi ń pa mí.

Ibi tí mo ní kí o jẹun kí o tó kà lo dé yìí, Soaravo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ bá mi láàyè, inú mi ò dùn. Ẹ̀rù ló bà mí, torí bí kì í bá ṣe ẹranko náà, kí ló pa á? Mo sì mọ ohun tó pa á. Ibà ti mú ìyá rẹ láti ọjọ́ méjì kó tó lọ ṣa igi, mo ní kó má lọ, ó ní òun á kàn dé ẹ̀yìnkùlé ni. Nígbà tó dé tó ní ọmọńlé fò mọ́ òun, mo gbàgbé ibà. Àyà rẹ̀ ni mo gbájú mọ́. Mo fi abẹ ha ibi tó lẹ̀ mọ́, mo fi ewé wẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ ń gbóná bí ààrò, mo ní ẹranko náà ló ń jà. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ odò, mo ní nọ́ọ̀sì ò mọ tahafisaka. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin a gbé e sórí ẹní tí a so mọ́ igi méjì, a gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, kò dé èbúté láàyè. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ibà lásán ni, oògùn rẹ̀ wà lórí pẹpẹ, ó ní ká ní ẹ ti gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Mo dé ilé, ìwọ sáré wá pàdé mi, o bi mí pé kí ló pa ìyá rẹ. Mo ní tahafisaka ni. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹranko náà kò ní ẹnu tó lè fi já mi nírọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ilé pé sí iwájú ilé Tangalamena. Wọ́n ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Bàbá Feno sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, ó ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. Bí mo bá ní igbó náà dúró, màá sọ ìdí rẹ̀, bí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á gbé àáké lọ́la. Mo dìde, mo ní ẹranko yìí kò pa ìyàwó mi. Mo ní òun náà fò mọ́ mi láyà, ọjọ́ kẹjọ rèé, ẹ wò mí. Mo ní ibà ló pa á, èmi ni mo sì fún ibà náà ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá àgbà rẹ bo ojú. Mo rò pé Bàbá Feno máa dìde gbá mi létí, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ jọ dàgbà ni. Ó dìde lóòótọ́. Ó ní òun lòun gbé iwájú ẹní yẹn dé odò, òun wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, etí òun kò di. Ó ní láti ọdún mẹ́tàlá lòun ti ń dúró pé kí àbúrò òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó lè sọ ẹrù náà kalẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀. A jọ ń jẹun láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n rí i lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tangalamena fi ọ̀pá pupa kan ilẹ̀, ó ní Ankarahara dúró, ẹni tó bá fi irin kan igi níbẹ̀, òun àti àwọn baba ńlá tó nilẹ̀ ni. Èmi náà dìde, mo ní kí Bàbá Feno gba ilẹ̀ mi ìsàlẹ̀, èyí tó wà létí odò, kó gbin ìrẹsì tirẹ̀ sí i fún ọdún mẹ́ta, torí igbó kì í kún ikùn ọmọ méje. Ó gbà á. Ó sunkún díẹ̀, ó wá bèèrè pé ṣé fóònù yẹn kò sí nítòsí.

Mo ti kí gbogbo ilé tán, mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo lọ sí ibojì ìyá rẹ lánàá, mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un. Ìwọ ló kù. Mo jẹ́ kí o dàgbà pẹ̀lú irọ́ kan, o sì mú irọ́ náà, o fi lọ ka ìwé, o fi di ẹni tó ń bá mi wá òtítọ́ rẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì irú èyí lọ́wọ́ ọmọ ẹni. Mo dọ̀bálẹ̀ ní inú ìwé yìí, kò sẹ́ni tó rí mi àfi adìẹ.

Jẹ́ kí n sọ ti ohun tí mo fẹ́ kí bébà tó tán. Níwọ̀n bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti lọ, ìrẹsì mi ò ní dé oṣù kejì, bí o bá rí bí ẹgbàá mẹ́wàá ariary, fi ránṣẹ́. Iyọ̀ ti tán. Iná orí náà ti ń ṣe bàìbàì, batiri rẹ̀ náà ńkọ́, torí mo máa ń lọ wo ẹranko náà nígbà míì, mi ò lọ fún fọ́ọ̀mù, mo kàn ń kí i ni. Ṣùgbọ́n má fi owó náà ránṣẹ́ gba inú fóònù o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù ọmọbìnrin tó ń san owó, mo wò ó, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀, ó sì bú mi. Fi owó náà sínú àpò ìwé, kí o kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, kọ ọ́, má dín in kù nítorí pé mo ti dàgbà. Màá kà á tán.

Ọlọ́run á fi ojú àánú wò ọ́. Ìyá rẹ tó wà lọ́hùn-ún kò ní sùn nítorí rẹ. Ìwé tí o ń kọ á yọrí sí rere, àwọn tó máa yẹ̀ ọ́ wò á fi ẹ̀rín jókòó. Ilé tí o bá wọ̀, wọ́n á rí ọ bí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Ó yẹ kí n fọwọ́ sí i báyìí, mo sì ti gbé kálàmù sókè láti ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, kò sẹ́ni tó pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí ní abúlé yìí, àwọn díẹ̀ tó ṣì mọ̀ ọ́n kì í pè é mọ́. Bàbá Soaravo ni wọ́n ń pè mí lóko, òun ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni Tangalamena pè lọ́jọ́ Ẹtì kí n tó dìde. Mi ò ní òmíràn. Tìrẹ ni orúkọ náà, torí náà mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ, kí o dá ojú ewé náà padà sí mi, bí o bá ṣì fẹ́ kí n máa jẹ́ ẹ.

Èmi ni,

.............................